Ọ̀rọ̀ Tí Lettie Dojú Rẹ̀ Dé

Ọkọ̀ pẹrẹsẹ tó fẹ́ kó àwọn òkú lọ ti gúnlẹ̀ sí èbúté láti àárọ̀. Asbury Wharton ń wò ó láti ojú fèrèsé ilé ìdáná rẹ̀, kò sì tíì fẹnu kan kọfí tó bù sínú ife. Láàárín fèrèsé náà àti omi ni àwọn sàréè ẹbí rẹ̀ wà: bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀, àwọn tó bí wọn, àti Lettie ìyàwó rẹ̀ ní ìkángun, níbi tó sún mọ́ omi jù. Iwájú ilé ni wọ́n ń sin òkú sí ní erékùṣù Kedger. Ilẹ̀ tó ga díẹ̀ kò pọ̀ níbẹ̀, alààyè àti òkú ló jọ ń pín in.

Nígbà ìjì ọdún tó kọjá ni omi ọ̀sà Chesapeake kọ́kọ́ dé ibi ẹsẹ̀ Lettie. Ó gbá iyanrìn abẹ́ òkúta sàréè náà lọ, òkúta náà sì tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí ẹni tó fi ìgbọ̀nwọ́ ti ara. Àwọn ará ìjọ ṣe ìpàdé, wọ́n fẹnu kò pé ẹbí tó bá fẹ́ kí wọ́n kó òkú tirẹ̀ lọ sí itẹ́ tuntun ní ilẹ̀ ńlá, kí ó sọ. Gbogbo ẹbí ti sọ tiwọn. Asbury nìkan ló kù. Ọkọ̀ náà yóò gbéra nígbà tí omi bá kún lọ́sàn-án yìí, kò sì ní padà wá mọ́ kí ìgbà ìjì tó dé.

"Bàbá, kọfí yín ti tutù," Verna sọ.

"Ó ń hó," ni Asbury dá a lóhùn. Àgbọ̀n rẹ̀ gbéra díẹ̀.

"Ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀."

Verna ni ọmọ kan ṣoṣo tí òun àti Lettie bí. Ilẹ̀ ńlá ló ń gbé, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò níbẹ̀, ó sì ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ohùn rẹ̀ fi dà bíi ti àwọn tó ń ka ìròyìn lórí tẹlifíṣọ̀n. Ọkọ̀ tó ń kó lẹ́tà ló gbé e wá lánàá. Ó wá mú ìyá rẹ̀ lọ. Ó fẹ́ mú bàbá rẹ̀ náà lọ, bí bàbá bá gbà.

Kí kọfí tutù, kí ènìyàn ní ó ń hó: bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ ní Kedger nìyẹn. Bóyá àwọn baba ńlá wọn ló gbé e wá láti Ìlú Ọba pẹ̀lú àwọ̀n àti Bíbélì wọn, bóyá erékùṣù náà ni wọ́n ti kọ́ ọ, kò sẹ́ni tó mọ̀. Bí ọmọbìnrin kan bá rẹwà, wọ́n á ní ojú rẹ̀ burú. Bí ojú ọ̀run bá ṣú tí àrá ń sán, wọ́n á ní ọjọ́ náà dára púpọ̀ láti lọ sójú omi. Ọ̀rọ̀ àdojúdé ni wọ́n ń pè é, nítorí ó dà bí ọkọ̀ kékeré tí ènìyàn dojú rẹ̀ dé sí etí omi kí òjò má baà kún inú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó ni yóò yí i padà. Olúkúlùkù ló sì ní àmì tirẹ̀. Ti Asbury ni àgbọ̀n. Àjèjì kì í rí i, ará Kedger kì í ṣe aláìrí i.

"Mo ti sọ fún yín," Verna tún bẹ̀rẹ̀, "Màmá dojú ọ̀rọ̀ yẹn dé ni."

"O ò sí níbẹ̀."

"Ẹ̀yin náà ò sí níbẹ̀. Èmi ni mo gbọ́ ohùn wọn, ẹ̀yin ò tíì gbọ́ ọ dòní."

Òótọ́ ni. Àrùn ẹ̀gbà ló gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu Lettie lójijì, kò bá ẹnikẹ́ni nínú ilé sọ ibi tí wọn yóò sin òun sí. Mísì Vance, ọmọbìnrin yunifásítì tó máa ń wá gba ohùn àwọn ará erékùṣù sílẹ̀, ló wá sọ nígbà tí wọ́n ń múra ìsìnkú pé Màmá ti sọ ọ́ sínú ẹ̀rọ òun: inú ọgbà wọn ni kí wọ́n sin òun sí. Asbury gbà, ó sì gbẹ́ ilẹ̀. Láti ìgbà náà kò ní ìgboyà láti fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ohùn náà.

"Wọ́n ti gbé e sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé," Verna sọ. "Téèyàn bá tẹ bọ́tìnnì, Màmá á sọ̀rọ̀. Màmá ní kí wọ́n sin àwọn síbí, pé omi ò lè dé ibẹ̀ láéláé. Bàbá, àwọn ọmọ ilé ìwé tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé obìnrin náà ò gbọ́n ni. Kò sí ìkankan nínú wọn tó mọ̀ pé Màmá ń ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí Màmá ń sọ ni pé kí ẹ gbé àwọn kúrò níbí."

Asbury yíjú sí fèrèsé. Bó bá jẹ́ pé òótọ́ ni Verna ń sọ, á jẹ́ pé ibi tí ìyàwó òun kò fẹ́ ni òun tẹ́ ẹ sí, tí òun sì ń jókòó tì í láràárọ̀, tí òun ń sọ fún un pé omi ti fà. Ó gbé kọfí tútù náà, ó mu ún tán.

Hobart Linton ṣí ilẹ̀kùn wọlé láìkàn án, pẹ̀lú bàtà rọ́bà tó kún fún ẹrẹ̀. Òun àti Asbury jọ dàgbà ni, wọ́n jọ ń dẹ ìgèrè akàn láti ìgbà tí wọ́n ti lè wa ọkọ̀.

"Asbury! Inú ẹ mà dùn lónìí oooo." Bí Hobart bá dojú ọ̀rọ̀ dé, ńṣe ló máa ń fa ìparí rẹ̀ gùn. "Verna, o ò sanra ráráááá."

"Ẹ ṣé, Àǹkù Hobart. Ẹ̀yin náà ò darúgbó."

"Háà, o ṣì gbọ́ ọ! Mo rò pé ilẹ̀ ńlá ti fọ ẹnu ẹ mọ́." Ó jókòó. "Wọ́n ti gbé ìyá mi sínú ọkọ̀ yẹn. Ó mà kórìíra ọkọ̀ nígbà ayé ẹ̀, èébì lásán. Mo ní kí wọ́n gbé e sí àárín gbùngbùn, kó má baà dà wọ́n láàmú." Ó rẹ́rìn-ín, ó sì nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́. "Wọ́n ń bi mí léèrè ẹ. Kí ni kí n sọ?"

"Ní kí wọ́n ní sùúrù."

"Àwọn lè ní in. Omi ló ń yára."

Kò pẹ́ tí Mísì Vance fi dé. Asbury ló ránṣẹ́ pè é. Ọmọbìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ kọ́ èjìká, ó sì kí gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Mo ti wá ibi tí ohùn Màmá wà sílẹ̀ fún yín, sà," ó wí. "Lẹ́yìn náà, tí kò bá ní ni yín lára, mo fẹ́ kí ẹ̀yin náà sọ gbólóhùn kan fún àwọn tó ń bọ̀. Inú ihò àpáta la máa tọ́jú gbogbo rẹ̀ sí. Ní igba ọdún sí i, bí kò bá tilẹ̀ sí ẹni tó gbọ́ èdè wa mọ́, ẹ̀rọ á túmọ̀ rẹ̀ fún wọn."

"Ẹ̀rọ ọ̀hún gbọ́ ọ̀rọ̀ àdojúdé?"

Mísì Vance wo ilẹ̀. "Ohun tí ẹnu bá sọ ló máa kọ, sà."

"Wọ́n á mà mọ̀ wá dáadáááá," Hobart sọ.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Asbury gbìyànjú láti fojú inú wo àwọn ènìyàn náà ní igba ọdún sí i. Kò rí ojú wọn. Ó rí omi lórí ilé ìdáná yìí, ó rí ọkọ̀ tó ń kọjá lókè àjà, ó sì rí àwọn kan nínú rẹ̀ tí wọ́n tẹ bọ́tìnnì, tí Lettie ń sọ fún wọn pé omi ò lè dé ibẹ̀ láéláé. Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, ó burú. Èyí tó bà á lẹ́rù jù ni pé wọ́n lè má rẹ́rìn-ín rárá, kí wọ́n jẹ́ irú ènìyàn tí kì í sọ ju ohun tí ẹnu wọn sọ, kí wọ́n kàn gbọ́ ọ, kí wọ́n sì máa lọ.

"Gbé e wá," ó wí.

Ohun kan wà tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Lettie kì í fi àmì hàn lójú, ohùn rẹ̀ kì í sì í yí padà. Gbogbo Kedger ló máa ń tàn jẹ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ yíyọ ẹran akàn ló fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe, ọwọ́ rẹ̀ kì í dúró, kódà bí àlejò bá wà nílé. Ìgbà kan ṣoṣo ni ọ̀bẹ rẹ̀ máa ń dúró: bó bá dojú ọ̀rọ̀ dé. Á dúró títí ọ̀rọ̀ náà á fi kúrò lẹ́nu rẹ̀, lẹ́yìn náà á máa bá iṣẹ́ lọ.

Mísì Vance fi ohun ìgbọ́hùn bò ó létí méjèèjì. Ariwo afẹ́fẹ́ ni ó kọ́kọ́ gbọ́. Lẹ́yìn náà ni ohùn Lettie dé, ó sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tó fi di etí tábìlì mú.

"Àwọn ọmọ-ogun ọba Gẹ̀ẹ́sì pàgọ́ sí ìhà gúúsù wa nígbà ogun," Lettie ń sọ. "Ìyá ìyá mi ló sọ fún mi. Wọ́n gbàdúrà níbẹ̀ kí wọ́n tó lọ jà, wọn ò sì ṣẹ́gun. Akàn ló ń gbé ibẹ̀ báyìí. Ibi tí wọ́n kúnlẹ̀ sí gan-an ni ọkọ mi ń ju ìgèrè sí." Lábẹ́ ohùn rẹ̀, ọ̀bẹ ń lọ: ṣẹ́kẹ́, ṣẹ́kẹ́, ṣẹ́kẹ́.

Mísì Vance inú ẹ̀rọ bi í pé ẹ̀yin ńkọ́, Màmá, lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ?

"Inú ọgbà wa níbí ni kí wọ́n sin mí sí."

Ṣẹ́kẹ́, ṣẹ́kẹ́.

"Omi ò lè dé ibẹ̀ láéláé."

Ọ̀bẹ ti dúró nígbà tó sọ ọ́.

Asbury pa ojú dé. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ nínú ẹ̀rọ náà. Lẹ́yìn náà, ṣẹ́kẹ́, ọ̀bẹ tún bẹ̀rẹ̀.

Ó yọ ohun ìgbọ́hùn náà kúrò létí. "Ìyá ẹ fẹ́ wà níbí," ó sọ fún Verna.

"Bàbá..."

"Ó mọ̀ pé omi ń bọ̀. Ó mọ̀ ọ́n kí gbogbo wa tó mọ̀ ọ́n. Ó ní kí a sin òun síbí náà." Ó sì ṣe àlàyé ọ̀bẹ náà fún un, ní ṣókí.

Verna gba ohun ìgbọ́hùn, ó fi sí etí. Bó ti ń gbọ́, ìka rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lu tábìlì bá ọ̀bẹ náà lọ láìmọ̀, lẹ́yìn náà ó dúró. Ó yọ ọ́ kúrò létí.

"Ẹ ò sọ fún mi rí."

"Ká ní ìyá ẹ mọ̀ pé mo mọ̀, ì bá ti fi ọ̀bẹ sílẹ̀."

Hobart dìde. Ó gbé ọwọ́ lé èjìká Asbury, ó sì jáde lọ sọ fún àwọn tó wà nínú ọkọ̀ pé kí wọ́n máa lọ.

"Ó ku gbólóhùn kan, sà," Mísì Vance sọ jẹ́jẹ́. "Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ò lò ó nítorí ariwo. Mo bi Màmá nípa yín."

Asbury tún fi ohun náà bo etí. "Ọkọ yín ńkọ́, Màmá?" Lettie rẹ́rìn-ín díẹ̀. Bí ẹ̀rín náà ti ń tán ni ẹ́ńjìnnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í ròkè láti ojú omi, tó ń wúkọ́, tó ń wúkọ́. Asbury mọ ìwúkọ́ náà. Ọkọ̀ tirẹ̀ ni. Òun ló ń bọ̀ wálé lọ́jọ́ yẹn.

"Asbury? Kò gbọdọ̀ fi ibí sílẹ̀," Lettie sọ, ó gbé ohùn sókè kí wọ́n lè gbọ́ ọ.

Asbury ní kí Mísì Vance tún fi ohùn náà sí i. Mísì Vance tún un fi sí i. Asbury na etí sí abẹ́ ohùn náà bí ẹni tó ń wo ìsàlẹ̀ omi. Bóyá ọ̀bẹ ń lọ, bóyá ó dúró, ẹ́ńjìnnì ti bò ó. Wọ́n ń tún un fi sí i títí Verna fi gbé ọwọ́ lé apá rẹ̀.

Nígbà tó kàn án láti sọ̀rọ̀ fún àwọn ará igba ọdún sí i, Asbury bi Mísì Vance bóyá ẹ̀rọ náà ti ń gbọ́. Ó ní ó ń gbọ́. Asbury fi ọwọ́ méjèèjì di àgbọ̀n rẹ̀ mú, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

"A gbé níbí," ó wí. "Èyí kò dojú dé. Ìyàwó mi kì í ṣe òmùgọ̀. Ẹ̀rù omi bà á, ó sì dúró."

Ó sì fi àgbọ̀n rẹ̀ sílẹ̀.

Lọ́sàn-án, omi kún. Ọkọ̀ pẹrẹsẹ gbéra, ìyá Hobart sì wà ní àárín. Asbury gbé báàgì Verna dé èbúté, níbi tí ọkọ̀ lẹ́tà ti ń dúró. Omi ti wọ inú koríko ọgbà rẹ̀ lẹ́yìn wọn, ó sì ń tàn yòò yí òkúta tó tẹ̀ náà ká.

Verna wọ inú ọkọ̀. Ó yíjú padà. "Bàbá, ṣé ẹ máa wá bá mi kí òtútù tó dé?"

Ọwọ́ Asbury méjèèjì ṣì di báàgì mú; kò lè fi di àgbọ̀n.

"Mi ò ní wá," ó wí. "Má retí mi."

Verna tẹjú mọ́ àgbọ̀n rẹ̀, bí ẹni tó ń wo ojú ọ̀run kó tó wa ọkọ̀ jáde. Asbury náà ń dúró kó mọ̀. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ bóyá àgbọ̀n náà gbéra. Ó na báàgì náà sí i, Verna gbà á, ó sì sọ nǹkan kan fún bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti tan ẹ́ńjìnnì.