Oríkì Létí Eku

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ eku ò tó ohun tí ń dá oorun mọ́ ènìyàn lójú, kò tíì pàdé Kíkẹ́lọmọ ni. Eku ló fi ń ṣe ìwádìí ní yunifásítì. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ wà nínú ọpọlọ wọn. Bó bá ti so wáyà náà mọ́ iná díẹ̀, iná tí kò lè tan tọ́ọ̀ṣì, eku tí ìpayà ti ká mọ́ kọ̀rọ̀ kéèjì á dìde, á máa fi imú wá oúnjẹ kiri. Àwọn tó ní wáyà lórí ṣùgbọ́n tí kò so mọ́ iná kì í kúrò lójú kan. Ó dá a lójú gbangba pé iná ló ń gbé wọn dìde. Bí Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́lárìnwá, ọ̀gá rẹ̀, bá ti fọwọ́ sí ìwádìí náà lọ́jọ́ Ajé, oyè dókítà ti bọ́ sí i lọ́wọ́ nìyẹn.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó gun ọ̀kadà lọ sí Òkè-Ìmẹ̀sí lọ kí Màámi Eunice, ìyá rẹ̀ àgbà. Iṣẹ́ ti tán an lókun. Ó fẹ̀yìn ti ògiri, kò lè fọwọ́ kan iyán tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀.

"Ṣebí o ti dé ulé, kí lo wá ká jọ bí ìgbín sí?" Màámi ní. "Àbẹ̀kẹ́! Àbẹ̀kẹ́ ọmọ a-gun-òkè-má-mí-hẹlẹ!"

Orí Kíkẹ́lọmọ wú. Màámi ò tíì kì í tán tó ti fa iyán mọ́ra. Àfi bí òkèlè ṣe dúró lọ́wọ́ rẹ̀ lófuurufú.

"Mo gbé!" ló pariwo.

Ṣé ẹ rí i, nígbàkígbà tó bá fẹ́ so eku mọ́ iná, á gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, á sì máa kì í ní oríkì yìí gan-an kí ara rẹ̀ lè balẹ̀. Bí Màámi ṣe máa ń ṣe fún un nìyẹn tó bá ń dirun fún un ní kékeré. Àwọn eku tí kò so mọ́ iná, kò kì wọ́n rí. Iná ló ń gbé wọn dìde ni, àbí ẹnu?

Ì bá dákẹ́, ta ni yóò gbọ́? Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹni tí ń fi ewé bo ihò. Lọ́jọ́ Ajé ó sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má tíì fọwọ́ sí i."

Ó dùn ún wọra, ó sunkún. Lẹ́yìn náà ó bọ́jú, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú eku tuntun. Ó fún àwọn kan ní iná, ó sì pa ẹnu mọ́ típẹ́. Ó kì àwọn yòókù dáadáa, kò sì fún wọn ní iná.

Àwọn tó fún ní iná dìde. Àwọn tó kì kàn ta etí, wọ́n sì padà ká jọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n fọwọ́ sí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Kíkẹ́lọmọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tí àwọn kéèjì wà, àárẹ̀ àti ayọ̀ pọ̀ fún un. Ó pe Màámi, tó ti ro ẹjọ́ eku fún lọ́jọ́ Sátidé yẹn, lórí fóònù.

"Màámi, iná ni o! Mo kì wọ́n kì wọ́n, wọn ò dìde."

"Oríkì ta lo kì fún wọn?"

"Tèmi ni, Màámi."

"Tìrẹ kẹ̀? Abo ni wọ́n ni?"

"Akọ ni gbogbo wọn."

"Hàà! O ń pe akọ eku ní Àbẹ̀kẹ́, o wá ń retí kó dìde!" Màámi rẹ́rìn-ín títí tí ikọ́ fi gbé e. "Ẹni tó ni oríkì ló ń gbé dìde. Àbẹ̀kẹ́! Àbẹ̀kẹ́ ọmọ a-gun-òkè!"

Kí Kíkẹ́lọmọ tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti wà lórí ìdúró.