Okùn Tí Ara Ẹyẹ Ń Jù Nù

Òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé ni àtẹ̀jíṣẹ́ náà wọlé. Ó ní: "Jọ̀ọ́, bá mi bẹ bàbá, mi ò ní lè wá lónìí."

Ọjọ́ Àìkú ni "òní" tó ń wí. Bàbá mi ti dúró dè é títí ilẹ̀ fi ṣú, lórí àga tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà, ó de bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dé ọrùn bí ẹni tí wọ́n fẹ́ ya ní fọ́tò. Awakọ̀ ojú irin ni kó tó fẹ̀yìn tì. Lójú tirẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ méjì ló wà láyé, olè jíjà àti pípẹ́ dé, olè ló sì sàn díẹ̀, torí olè kì í pẹ́ dé.

Ìyá mi gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó kà á, ó dá a padà bí ẹni tí wọ́n fún ní ẹja tó ti rà.

"Ẹlẹ́yẹ rẹ nìyẹn," ó ní.

Orúkọ tó sọ àfẹ́sọ́nà mi nìyẹn láti ọjọ́ tó ti gbọ́ pé ẹyẹ ló ń ṣèwádìí lé lórí. Bàbá mi ti kìlọ̀ fún un pé kó má máa pè é bẹ́ẹ̀ tí ilẹ̀ bá ti ṣú.

"Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé," bàbá mi sọ láti inú yàrá. "Ọkọ̀ tó bá ń pẹ́ báyìí, wọ́n á wọ́ ọ kúrò lójú irin ni."

"Ẹ jẹ́ kí n lọ gbọ́ tẹnu rẹ̀ ná, bàbá."

"Lọ gbọ́. Ṣùgbọ́n tí o bá dé, kí o sọ fún mi bóyá o máa fẹ́ ẹ tàbí o ò ní fẹ́ ẹ. Mi ò fẹ́ àlàyé ẹyẹ."

Mo tọrọ àyè níbi iṣẹ́. Ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń gé jígí ojú ni mo wà, ibẹ̀ náà ni èmi àti àfẹ́sọ́nà mi sì ti pàdé. Ó ti jókòó lé jígí tirẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó wá wọlé, ó kí àwòrán ara ògiri pé ó kú iṣẹ́. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mi ò purọ́, ọjọ́ yẹn ni ọkàn mi ti lọ.

Mi ò dé ibi iṣẹ́ rẹ̀ rí. Kì í fẹ́ kí n wá. Ọ̀nà àbáwọlé gùn, ó ń rùn fún oúnjẹ ẹyẹ àti ọṣẹ, igbe àwọn ẹyẹ náà sì dà bíi ti ohun ìṣeré ọmọdé tí a bá tẹ̀ nínú. Obìnrin kan tó ń fọ kéèjì gbójú sókè wò mí.

"Ta ni kí n ní ó ń béèrè Dókítà?"

"Àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ni, mà."

Kéèjì dúró lọ́wọ́ rẹ̀. "Dókítà wa yìí? Èyí tó máa ń dá jẹun lẹ́gbẹ̀ẹ́ fìríìjì? Háà! Àǹtí, ẹ má bínú o. A rò pé kò lẹ́nì kankan ni. Àbúrò ọkọ mi obìnrin ni mo tiẹ̀ ń bá a sọ̀rọ̀ rẹ̀."

"Kí ló wá sọ, mà?"

"Ó ní òun á rò ó."

Mo ṣí ilẹ̀kùn yàrá Dókítà wọlé. Ó dojú bo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ohun tín-tìn-tín, kò kí mi, kò béèrè ohun tí mo wá ṣe.

"Wá wò ó! Kíákíá!"

"O ní o máa rò ó?"

"Kí ni?"

"Àbúrò ọkọ ẹni tó ń fọ kéèjì."

"Áà, ìyẹn. Mo sọ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n lè fi mí sílẹ̀ ni."

"O ò lè sọ pé o ti ní ẹnì kan?"

"Wọ́n á máa bi mí léèrè ọ̀rọ̀ rẹ ni. Ẹyẹ kan kú lánàá, a ní láti yọ ilé ẹyin rẹ̀ kó tó bàjẹ́. Mo kọ àtẹ̀jíṣẹ́ sí ọ, mo gbàgbé láti tẹ̀ ẹ́ kó lọ. Jọ̀ọ́, wá wò ó."

Mo wò ó. Kí ni mi ò bá ṣe? Àwọn okùn kéékèèké fọ́n ká bí ègé òwú nílẹ̀ ilé aránṣọ, wọ́n ti kùn wọ́n láró. Ọ̀kan pupa láàárín wọn, ó gùn ju gbogbo wọn lọ.

"Kúrómósómù ni wọ́n," ó ní. "Òun ni gbogbo abẹ̀mí fi ń jogún ìrísí òbí wọn. Ṣùgbọ́n pupa yẹn, ẹyẹ akọrin nìkan ló ní in, láti ayé àwọn baba ńlá wọn, ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Láti ìgbà náà ló ti ń ṣa ẹ̀dà lára àwọn okùn yòókù bí ẹni ń ṣa igi. Nínú ẹyẹ kan ó tóbi báyìí, nínú ìbátan rẹ̀ tímọ́tímọ́ ó kéré bí èékánná. Ibi tí ẹyẹ ti ń pèsè ọmọ nìkan ló wà. Bí ọmọ bá ti ń dàgbà nínú ẹyin, ara rẹ̀ á jù ú nù."

"Kí ló wá ń ṣe níbẹ̀?"

"A ò tíì mọ̀ tán. Ṣùgbọ́n a rò pé láìsí i, irú ẹyẹ náà lè parẹ́."

Ohùn rẹ̀ ti rọ̀. Tó bá ń sọ̀rọ̀ báyẹn, èèyàn á gbàgbé pé inú ń bí òun. Ó di ọwọ́ mi mú, tòun ti ìbọ̀wọ́ rọ́bà.

"Ìwọ ni mo máa ń rántí tí mo bá ń wò ó. Ìwọ ni okùn yìí nínú ayé mi."

Nínú gbogbo ìwé ìfẹ́ tí mo ti yá kà, kò sí ọkùnrin tó sọ irú ẹ̀ fún obìnrin rí. Mo ti fẹ́ rẹ́rìn-ín músẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo rò ó.

"Ṣé ó wà nínú ọkàn ẹyẹ?"

"Rárá o."

"Nínú ọ̀fun tó fi ń kọrin ńkọ́?"

"Kò sí níbẹ̀."

"Ìyẹ́? Ẹsẹ̀?"

"Wọ́n ti jù ú nù pátá!" Inú rẹ̀ ń dùn bíi ti akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ ìdáhùn.

"Akọ ẹyẹ ńkọ́, ṣé ó máa ń fún ọmọ rẹ̀?"

"Ó ṣọ̀wọ́n. Ìyá ló sábà máa ń gbé e fún ọmọ. Akọ máa ń jù ú nù lẹ́ẹ̀kan sí i."

"Èmi wá nìyẹn."

"Ìwọ gan-an..." Ó yọ jígí ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún gbé e wọ̀. "Ibi tí mo ń bọ̀ kọ́ nìyẹn."

"Ibẹ̀ lo gbé mi dé."

Ó sáré sí ẹnu ọ̀nà. "Mà! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá mọ ìyàwó mi!"

"A ti mọ ara wa, Dókítà," obìnrin náà dáhùn, omi sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í dà.

Ó yíjú sí mi. "Lọ́la mo máa wá bá bàbá. Mo ṣèlérí. Àfi tí ẹyẹ tó wà lókè yẹn bá yé..." Ó fọwọ́ bo ẹnu rẹ̀.

"Gbọ́ mi," mo ní. "Mo fẹ́ràn rẹ, kì í ṣe ìyẹn ló ṣòro. Ẹni tí wọ́n á rí pẹ̀lú mi lójú pópó ni mo ń wá. Mi ò ní fẹ́ ọ. Má wá bá bàbá mi lọ́la."