Lẹ́tà Ẹ̀bẹ̀ Sí Àǹtí Fúnláyọ̀

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 2017, ni Àǹtí Fúnláyọ̀ lé mi níṣẹ́. Ọdún mẹ́fà ni mo fi fọṣọ ní ilé ìfọṣọ wọn ní Igbó Ẹfọ̀n. Áyọ́ọ̀nù ló jó agbádá oníbàárà kan lẹ́yìn ọrùn. Ọlákẹ́mi, àbúrò wọn, ló ń lọ aṣọ náà. Ẹ̀yìnkùlé ni èmi wà, mò ń sá aṣọ.

"Abíọ́nà, máa lọ." Wọn ò bi mí ní ohunkóhun.

Mo sọ fún onílé mi ní Awoyaya, Bàbá Gbádégẹṣin, pé mo fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ ìjọba. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Ta ló ń bá ọ̀gá ẹ̀ ṣẹjọ́? Lọ bẹ̀ ẹ́ ná."

"Bàbá, mi ò ṣe nǹkan kan."

"Ta ló bi ọ́? Kọ lẹ́tà, kúnlẹ̀, kó parí."

Mo kọ ọ́: *Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo ṣẹ̀ yín. Ẹ má wo àṣìṣe mi.* Àǹtí gbà á lẹ́nu géètì, wọ́n sọ ọ́ sínú báàgì, wọn ò ní kí n wọlé.

Nígbà tí oṣù kan kọjá láìsí èsì, mo pe ẹjọ́. Ní ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, Àǹtí mú Ọlákẹ́mi àti lọ́yà wá. Àga méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ṣófo. Mo ní kí Bàbá Gbádégẹṣin wá jẹ́rìí fún mi, wọ́n ní ojú ń ti àwọn láti tako ẹni tí àwọn ní kí n bẹ̀.

Lọ́yà ka lẹ́tà náà sókè.

"Ṣé ìwọ lo kọ ọ́?" Ọ̀gbẹ́ni Ọdúnjọ tó ń gbọ́ ẹjọ́ bi mí.

"Èmi ni, sà. Wọ́n ní kí n bẹ̀bẹ̀ ni. Mi ò ṣẹ̀."

Ọlákẹ́mi bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ gbọ́ mi o! Ẹni tí ò ṣẹ̀ ló ń tọrọ àforíjì!"

"Mà," Ọ̀gbẹ́ni Ọdúnjọ kọjú sí Àǹtí, "nílé yín, ṣé ẹni tó jẹ̀bi nìkan ló ń kúnlẹ̀?"

 Àǹtí wò mí fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà.

"Abíọ́nà, padà síṣẹ́ lọ́la. Mo ti dárí jì ẹ́. Ṣáà fọwọ́ sí i pé ìwọ lo jó o."

Lọ́yà ti bíírò sí mi. Mo fẹ́ iṣẹ́ náà. Ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti ń pe orúkọ mi láti àárọ̀ títí dalẹ́.

"Ẹ ṣé, mà. Èmi kọ́ ni mo jó o."

Ọ̀gbẹ́ni Ọdúnjọ kọ ọ́ sílẹ̀ pé a ò rẹ́, ó wá fún mi ní fọ́ọ̀mù ilé-ẹjọ́. Mo kọ gbogbo rẹ̀. Níbi tí a ń kọ orúkọ ẹlẹ́rìí sí, mo ronú títí, mo sì fi í sílẹ̀ lófìfo.