Fáànù Méje Tó Wà Níta

Láti ọjọ́ tí Aláfẹ́fẹ́ ti ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa ni ìdí rẹ̀ kò ti balẹ̀ mọ́. Bó bá jókòó sí pálọ̀, kò ní tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí á fi dìde. Á fọwọ́ tọ ògiri lọ sí yàrá, á dúró síbẹ̀ díẹ̀, á tún padà. Oúnjẹ kò wù ú jẹ. Á tan rédíò, á pa á. Ìyàwó rẹ̀ rò pé ojú rẹ̀ tó ń ṣú ló fà á. Dókítà ti là á mọ́lẹ̀ fún wọn pé èyí tó ti lọ nínú ìríran rẹ̀ ti lọ nìyẹn, pé oògùn tí wọ́n ń kán sí i kò lè ṣe ju kó dá ìyókù dúró. Ó ṣì ń rí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé àti òjìji ẹni tó bá dúró níwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí ohun tó wà lọ́wọ́ ara rẹ̀ mọ́.

Aláfẹ́fẹ́ ni àwọn ènìyàn sọ ọ́ nítorí pé ọgbọ̀n ọdún ló fi tún fáànù ṣe, ti orí tábìlì, ti ìdúró, ti àjà. Wọ́n máa ń sọ pé bí òkú fáànù bá wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló máa fi rìn jáde. Ìyàwó rẹ̀ ní tirẹ̀, ìṣirò ló ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ìwé títí tó fi fẹ̀yìn tì, Tíṣà sì ni ọkọ àti aládùúgbò jọ ń pè é. Nínú gbogbo ọgbọ̀n ọdún yẹn, Tíṣà kò fọwọ́ kan fáànù ju kó tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí ooru ti mú láti kùtù, Tíṣà tan fáànù pálọ̀. Fáànù náà ń kùn, kò yí. Ó ní òun á ránṣẹ́ pe ọkùnrin tó ń tún rédíò ṣe ní ìsàlẹ̀ òpópónà. Kó tó sọ ọ́ tán, ọkọ rẹ̀ ti dìde, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú.

"Pa á, Tíṣà. Yọ ọ́ kúrò lára iná. Má fọwọ́ kan irin rẹ̀."

Ohùn rẹ̀ ló ba Tíṣà lẹ́rù. Ó yọ púlọ́ọ̀gì, ó yíjú padà sí ọkọ rẹ̀. Ó ní kó jókòó. Kò jókòó. Tíṣà bi í léèrè ohun tó ń lé e kiri nínú ilé láti oṣù méjì, ó sì kìlọ̀ fún un pé òun kò ní gba "ó kàn rẹ̀ mí ni" lónìí.

Ibẹ̀ ló ti jẹ́wọ́. Ó ní kì í ṣe pé ó rẹ òun lòun fi ti ṣọ́ọ̀bù. Oṣù mẹ́ta gbáko lòun fi ojú tó ń ṣú ṣiṣẹ́ kí òun tó sọ fún ẹnikẹ́ni. Láàárín ìgbà náà ni alágbàfọ̀ tó wà ní òpópónà kejì gbé fáànù rẹ̀ wá. Òun tún un ṣe, ó yí dáadáa, obìnrin náà gbé e lọ. Lọ́jọ́ kẹta, ó fi ọwọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú omi ọṣẹ di ọrùn fáànù náà mú, iná gbé e, ó sọ ọ́ mọ́ ògiri. Ọlọ́run ló yọ ọ́. Ọkọ alágbàfọ̀ náà gbé fáànù náà padà wá, ó gbé e ka orí tábìlì, ó bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tí Aláfẹ́fẹ́ tú ẹ̀yìn rẹ̀, tó fi ìka wá inú rẹ̀, ó bá wáyà kan tí òun fi ìdérí tẹ̀ mọ́lẹ̀ nígbà tí òun ń de súkúrù. Ara wáyà náà ti bó, bàbà inú rẹ̀ sì ti kan irin. Ojú tó ń ríran kò lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

"Kì í ṣe ti alágbàfọ̀ nìkan," ó wí. "Fáànù méje mìíràn ni mo fi ojú yẹn ṣe. Wọ́n wà níta. Àwọn ènìyàn ń sùn sídìí wọn. Mi ò mọ èyí tó rí bíi tìyẹn nínú wọn."

Inú ń bí Tíṣà, ìbínú náà kò sì mọ ibi tí yóò gbà. Ṣé sí irọ́ tí ọkọ rẹ̀ pa ni, àbí sí ara òun fúnra rẹ̀, tí ẹnì kan ń fọ́jú lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun fún oṣù mẹ́ta tí òun kò mọ̀? Nígbà tó yá, ó ní kó ka àwọn tó ni fáànù náà fún òun. Ó kà wọ́n pé méje. Tíṣà béèrè ohun tí àwọn máa wò bí àwọn bá dé ọ̀dọ̀ wọn.

"Ta ló máa wò ó?" ni ọkọ rẹ̀ fèsì. "Èmi ò ríran, ìwọ ò mọ fáànù."

"Ẹ kọ́ mi nígbà náà."

Fáànù pálọ̀ tó kọ̀ láti yí ni wọ́n gbé sórí tábìlì ìjẹun. Aláfẹ́fẹ́ ní kí Tíṣà ṣí àwọ̀n irin iwájú, kó wá tú bíléèdì. Tíṣà yí nọ́ọ̀tì bíléèdì sí òsì bí ẹni ń ṣí ìgò, kò mì. Ọkọ rẹ̀ ní ọ̀tún ni wọ́n ń yí ìyẹn sí kó tó tú. Àwọn tó ṣe é ti mọ̀ pé bó bá jẹ́ òsì ni, bíléèdì á máa tú ara rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe ń yí. Tíṣà ní ọlọ́gbọ́n ni wọ́n. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tú ìdérí ẹ̀yìn. Ó di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú, ó ń fi ìka rẹ̀ kan nǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí wọ́n fi wáyà bàbà wé bí òwú ni kọ́ìlì. Ibẹ̀ ni iná ti ń di agbára. Ọ̀pá tó gba àárín rẹ̀ kọjá ló ń gbé bíléèdì yí. Búùṣì méjì ló di ọ̀pá náà mú, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, òróró sì ni oúnjẹ wọn. Ohun dúdú bíi páálí ìṣáná tó so mọ́ ẹ̀gbẹ́ ni kapasítọ̀; òun ló ń ti fáànù kó tó lè bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Bí fáànù bá ń kùn tí kò yí, kí ènìyàn yọ ọ́ kúrò lára iná, kó fọwọ́ yí ọ̀pá rẹ̀ wò. Bó bá yí wẹ́rẹ́, kó fura sí kapasítọ̀. Bó bá le, ebi òróró ló ń pa búùṣì.

Tíṣà yí ọ̀pá náà. Ó le gbagidi. Irun orí òun fúnra rẹ̀ ló bá tó wé mọ́ ìdí rẹ̀, pẹ̀lú eruku tó ti di ẹrẹ̀. Ó fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, ó kán òróró máṣíìnì ìránṣọ sí búùṣì méjèèjì, ó ń yí i síwá sẹ́yìn títí ó fi dẹ̀. Nígbà tí wọ́n tò ó padà tí wọ́n tan án, ìwé orí tábìlì fò sílẹ̀.

"Ẹ̀gbin lásán," ni Tíṣà wí. "Ọgbọ̀n ọdún lẹ fi ń mú ojú le bíi dókítà nítorí ẹ̀gbin."

Ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín pẹ́. Ó ti ń wá tẹ́sítà rẹ̀ nínú dúrọ́ọ̀. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, bíi sukudíráfà, gílóòbù kékeré wà nínú ìdìmú rẹ̀. Bí ẹnu rẹ̀ bá kan ara fáànù tí iná wà nínú rẹ̀, tí gílóòbù náà sì tàn, kí wọ́n yọ púlọ́ọ̀gì kíá, nítorí iná ti wọ irin.

Kí wọ́n tó jáde, Tíṣà ní ọ̀dọ̀ alágbàfọ̀ làwọn máa kọ́kọ́ lọ, àti pé ẹnu ọkọ òun ni olúkúlùkù máa ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, òun ò ní bá a rò ó.

Alágbàfọ̀ ń lọ aṣọ lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n wọlé. Kò ní kí wọ́n jókòó. Ó gbọ́ gbogbo ohun tí ọkùnrin náà sọ, ó gbé áyọ́ọ̀nù sí ẹ̀gbẹ́, ó mú ọwọ́ rẹ̀, ó gbé e lé èjìká ara rẹ̀, ó ní kó gbọ́ bí egungun ṣe ń dún bí òun bá gbé apá sókè. Apá náà kò kọjá etí.

"Mo ti rò pé ẹ ò ní wá láé," ó wí. "Mi ò tíì dárí jì yín. Ṣùgbọ́n ẹ lọ bá àwọn yòókù, ẹ má dúró síbí."

Wọn ò dúró. Ní òpópónà, ẹni tí wọ́n ń fà lọ́wọ́ ló ń fa ẹni tó ń fà á. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Aláfẹ́fẹ́ fẹsẹ̀ kọ, kò dẹ ìrìn sílẹ̀. Fáànù àkọ́kọ́, ti agẹrun kan, kò ní àléébù. Agẹrun fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí òun náà bá di ojú gẹ irun Aláfẹ́fẹ́, ọ̀rọ̀ á dọ́gba. Ti nọ́ọ̀sì kan mọ́. Ti ọkùnrin tó ń ta ìwé mọ́ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ọkùnrin yẹn kò ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní àwọn ọmọ òun ń ka ìwé níwájú fáànù yẹn lójoojúmọ́, ó ṣílẹ̀kùn fún wọn, ó dúró títí wọ́n fi jáde.

Ìkẹrin ni ti aránṣọ kan, ìyá àgbà tí ọmọ ọmọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Fáànù wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì, ó ń yí. Aláfẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀, Tíṣà sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ẹnu tẹ́sítà kan àwọ̀n irin. Gílóòbù náà tàn, ó pọ́n.

Bí Tíṣà ṣe fa ọwọ́ sẹ́yìn lójijì ni ọkọ rẹ̀ gbọ́, tó fi dá ọ̀rọ̀ dúró láàárín.

"Ó tàn?"

"Ó tàn."

Tíṣà fa púlọ́ọ̀gì yọ. Aránṣọ ń wò wọ́n, kò tíì yé e. Ó wá ní, àbí fáànù yẹn ló ń ta òun lọ́wọ́? Ó ní ó ti ń ṣe òun bí ìgbà tí èèrà bá ń jẹ ènìyàn níka, òun sì rò pé ọjọ́ orí ni. Bàtà rọ́bà ni òun máa ń wọ̀, nítorí pé ilẹ̀ ibẹ̀ tutù. Bó ṣe ń sọ èyí, ọmọ náà rá jáde lábẹ́ tábìlì, ó ń lọ tààrà síbi tí fáànù wà. Ọmọ náà kò wọ bàtà.

Ìyá àgbà gbé e nílẹ̀, kò sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ mọ́ títí wọ́n fi lọ. Aláfẹ́fẹ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó dúró sí. Tíṣà tú ẹ̀yìn fáànù náà. Bákan náà ló rí: wáyà kan tí ìdérí ti jẹ ara rẹ̀. Ó gé ibi tó bó kúrò, ó lọ́ ọ pọ̀, ó fi téèpù wé e, ó tẹ́ ẹ sí ojú ọ̀nà rẹ̀. Kó tó de ìdérí, ọkọ rẹ̀ fi ìka tọ wáyà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n tan án. Tẹ́sítà kò tàn mọ́. Òógùn ti bo ojú Tíṣà.

"Ẹ gbé e lọ," ni aránṣọ wí. "Mi ò bá yín jà. Ẹ̀rù á máa bà mí láti tan án."

Wọ́n gbé e lọ sílé. Ìkarùn-ún àti ìkẹfà mọ́. Ìkeje ni ti akọ̀wé kan tó háyà yàrá, tó ti kó kúrò láìsọ ibi tó ń lọ. Onílé fún wọn ní nọ́ńbà rẹ̀, ṣùgbọ́n kò wọlé. Ọjọ́ mẹ́jọ ni Aláfẹ́fẹ́ fi ní kí Tíṣà máa pe nọ́ńbà yìí, láàárọ̀, lọ́sàn-án, nígbà tí ó bá ń se ọbẹ̀. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, akọ̀wé gbé e. Ó ní òun ti fún ìyá òun ní fáànù náà, ìlú kejì ni ìyá náà ń gbé, etí rẹ̀ ti di, kì í gbọ́ fóònù.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n wọ ọkọ̀ lọ. Wákàtí mẹ́ta ni ìrìn náà gbà. Ìyá akọ̀wé náà ló ṣílẹ̀kùn. Ó gbà pé ọ̀rẹ́ ọmọ òun ni wọ́n, ó ń pariwo kí wọn bí ẹni ń kí ẹni tó wà lódì kejì odò. Fáànù wà níbi orí ibùsùn rẹ̀. Tẹ́sítà kò tàn. Aláfẹ́fẹ́ ní kí Tíṣà tú u síbẹ̀, ó ní òun fẹ́ fọwọ́ kàn án. Wáyà kọ̀ọ̀kan wà ní àyè rẹ̀, ìsopọ̀ rẹ̀ le, téèpù rẹ̀ lọ déédéé. Ó pẹ́ kó tó kó ìka kúrò lórí rẹ̀.

Tíṣà rò pé ara ọkọ òun á wá balẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, ẹsẹ̀ ọkùnrin náà ń mì nísàlẹ̀ àga ọkọ̀.

"Tíṣà, ṣé méje náà dá ẹ lójú?"

"Ẹnu yín ni mo ti gbọ́ méje."

Aláfẹ́fẹ́ ní ọ̀kan wà tí wọ́n gbé wá lọ́jọ́ tí òjò ń rọ̀. Òun kò rántí bóyá ó wà nínú méje yẹn tàbí kò sí. Tíṣà bi í pé ta ló gbé e wá. Ó ní ohùn obìnrin lòun rántí, ohùn tó há díẹ̀, àti pé ó sọ̀rọ̀ nípa àtẹ̀gùn púpọ̀ tí yóò gùn kó tó dé ilé.

Oòrùn kò tíì wọ̀ nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Wọn ò gba ọ̀nà ilé. Ilé alájà mẹ́ta kan wà níkọjá ṣọ́ọ̀bù Aláfẹ́fẹ́ tó wà ní títì, ibẹ̀ ni Tíṣà mú un lọ, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀kùn láti òkè, wọ́n ń wá obìnrin náà.