Ọjọ́ tí Ilẹ̀kùn Yàrá Fáìlì Ṣí

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni purọ́ fún yín. Lọ́jọ́ tí káńsù kéde pé àwọn fẹ́ ṣí yàrá fáìlì sílẹ̀ fún gbogbo ará ìlú, èmi ni mo kọ́kọ́ bínú. Lọ́jọ́ tí ilẹ̀kùn ọ̀hún sì wá ṣí lóòótọ́, èmi náà ni mo kọ́kọ́ jó.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń ṣọ́ yàrá yẹn. Kò sí ilé tí wọ́n kọ́ nílùú yìí tí ìwé àṣẹ ìkọ́lé rẹ̀ kò sí níbẹ̀: ẹni tó kọ́ ọ, ọjọ́ tó kọ́ ọ, ibi tí ilẹ̀kùn kọjú sí, bó ṣe jìnnà sí gọ́tà tó. Tẹ́lẹ̀, bí èèyàn bá fẹ́ rí ìwé ilé rẹ̀, á dúró síta lójú fèrèsé kékeré kan, á sọ ohun tó ń wá, èmi á sì lọ wá a. Bí mo bá rí i, ó ríre. Bí n kò bá rí i, màá ní, "Kò sí," màá kọ ọ́ sínú ìwé ìbéèrè, màá pa fèrèsé mi dé. Ìdí nìyẹn tí àwọn aláìníṣẹ́ kan fi ń pè mí ní Ìyá Kò-sí. Mo gbọ́ o. Etí mi kò di.

Ọ̀gá wa, ọmọkùnrin tí mo lè bí ká ní mo tètè lọ́kọ, ló pè wá jọ ní oṣù kan ṣáájú. Ó ní láti ọjọ́ Ẹtì tó gbẹ̀yìn oṣù, ẹnikẹ́ni tó bá wọlé lè mú fáìlì tó wù ú, kó jókòó kà á, kó ṣe ẹ̀dà rẹ̀, láì ṣàlàyé ara rẹ̀ fún ẹnì kankan. Ó ní kódà, ìwé ìbéèrè á wà lórí tábìlì, kí aráyé lè máa rí èsì tí à ń fún àwọn èèyàn.

"Ọ̀gá," mo ní, "ṣé kí gbogbo ayé wá máa fi ọwọ́ ọlọ́bẹ̀ pa fáìlì mi lára ni?"

"Màmá, ẹ má bínú," ó ní, "fáìlì yín kọ́. Tiwọn ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ egungun. Odindi ọjọ́ méjì ni n kò fi kí i dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní pẹrẹu, ẹ gbà mí o! Wọ́n yọ fèrèsé kékeré yẹn, wọ́n fi ilẹ̀kùn gbàgàdà sípò rẹ̀. Wọ́n kun ògiri. Ọkọ mi, tó jẹ́ káfíńtà, kan tábìlì gígùn kan tí ogún èèyàn lè jókòó sí. Wọ́n kọ orúkọ gbogbo ìdìpọ̀ fáìlì gàdàgbà gàdàgbà sórí páálí, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Oòrùn wá ń wọlé síbi tí kò dé rí. Kí n má purọ́, ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í yá. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, agogo márùn-ún ni mo ti wẹ̀, tí mo ti kun àtíkè.

"Ṣé wọ́n fẹ́ fi ẹ́ fún ọkọ míì lónìí ni?" ọkọ mi bi mí.

Mo ní kó gbẹ́nu sọ́hùn-ún.

Agogo mẹ́jọ lù, ọ̀gá ṣílẹ̀kùn, èrò ya wọlé yàà. Ẹni tó ń wá èyí ń wá a, ẹni tó ń wá tọ̀hún ń wá a, ẹni tí kò sì wá nǹkan kan wá wo àwọn tó ń wá nǹkan. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì rí ìwé ilé tí bàbá rẹ̀ kọ́. Ó rí ibi tí bàbá náà tẹ̀ka sí, ó gbé àtàǹpàkò tirẹ̀ lé e, ó sì bú sẹ́rìn-ín bí ọmọdé. "Àwa méjèèjì la ní ọwọ́ ńlá!" ló ń pariwo. Ibẹ̀ ni ara mi kò ti gbà á mọ́. Mo jó láàárín kọ́bọ́ọ̀dù méjì, èmi tí mo ní wọ́n á fi ọwọ́ ọlọ́bẹ̀ pa á lára.

Nígbà tí agogo mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Màmá Aránṣọ wọlé. Ijó náà bọ́ lẹ́sẹ̀ mi.

Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ wọ́n. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n ti ń ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Títì Ńlá. Ibẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ ọmọ mẹ́rin, iyàrá tó wà lẹ́yìn rẹ̀ náà ni wọ́n sì ń sùn. Àwọn tó ń bójú tó gọ́tà ní Màmá kọ́ ṣọ́ọ̀bù yìí sójú ọ̀nà omi láì gbàṣẹ, wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ àmì ìwólé sí ara ògiri, wọ́n sì fún wọn ní oṣù mẹ́ta kí wọ́n fi mú ìwé àṣẹ wá. Ikán ti jẹ ìwé tọwọ́ wọn tán lábẹ́ àpótí. Ẹ̀dà tó wà lọ́dọ̀ wa nìkan ló kù. Agogo méjìlá ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì yìí gan-an ni oṣù mẹ́ta pé.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n wá sójú fèrèsé mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sọ fún wọn pé kò sí, mo sì kọ̀wé bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ará gọ́tà. Ẹ̀ẹ̀kíní, mo tú ìdìpọ̀ Títì Ńlá látòkè délẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kejì, mo tún un tú. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀ẹ̀kẹta sílẹ̀ ná.

"Ẹ káàárọ̀ o, àbúrò," wọ́n ní. Téèpù tí wọ́n fi ń wọn èèyàn ṣì wà lọ́rùn wọn.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Mà, ṣẹ́ ẹ rí i, tí mo bá ti ní kò sí..."

"Mi ò bi yín," wọ́n ní. "Wọ́n ní ẹnikẹ́ni lè wọlé. Mo ti wọlé."

Yéè! Bí kì í bá ṣe pé wọ́n jù mí lọ, ẹnu mi ì bá fèsì. Mo yà lọ́nà fún wọn. Wọ́n lọ dúró níwájú páálí ara ògiri, wọ́n ń fi ìka tọ orúkọ àwọn ìdìpọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: Ojú Kànga, Ìdí Ilé-Ìwé, Ìta Búrẹ́dì, Ẹ̀yìn Ọgbà, Ojú Káńsù, títí dé Títì Ńlá tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Lójijì, ìka wọn padà sókè. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

"Ta ló to orúkọ wọ̀nyí báyìí?"

"Bàbá Akọ̀wé ni, ẹni tó gbé yàrá yìí lé mi lọ́wọ́ kó tó kú. Kí ló dé, mà?"

"Ẹsẹ̀ ni bàbá yìí fi tò ó! Ẹ wò ó. Ojú Kànga nilé rẹ̀. Ó jáde, ó gba Ìdí Ilé-Ìwé, ó ra búrẹ́dì rẹ̀, ó já sí Ẹ̀yìn Ọgbà, ó dé ibi iṣẹ́. Bó ṣe ń rìn wá síbí láràárọ̀ nìyẹn! Gbogbo ọjọ́ Ajé ló ń fi ṣòkòtò sílẹ̀ fún mi ní Ẹ̀yìn Ọgbà, nítorí ibi itan ló máa ń ti ya."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ń ka orúkọ wọ̀nyẹn bí orin, n kò bi ẹnikẹ́ni rí pé kí ló dé tí Ojú Kànga fi ṣáájú.

"Ṣùgbọ́n Títì Ńlá ni ṣọ́ọ̀bù yín wà, mà," mo ní. "Ibo ni bàbá ti ń rí yín ní Ẹ̀yìn Ọgbà?"

Wọ́n wò mí bí ẹni tó gé aṣọ oníbàárà kúrú. "Àbúrò, títì wo ló wà nígbà yẹn? Ẹrẹ̀ ni! Ẹ̀yìn Ọgbà ni ilẹ̀kùn mi wà. Ìgbà tí wọ́n la títì ni mo dí ti ẹ̀yìn, tí mo lu ti iwájú."

Àyà mi já. Òfin kan ṣoṣo ni Bàbá Akọ̀wé kọ́ mi: ibi tí ilẹ̀kùn ilé bá kọjú sí, ibẹ̀ ni fáìlì rẹ̀ ń gbé. Mo di òfin yẹn mú bí ọmọ ṣe ń di ọmú ìyá rẹ̀ mú. Kò wá sí mi lọ́kàn rí pé ilẹ̀kùn lè yí padà kí fáìlì má yí padà. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè, àwọn baba wa kò purọ́.

"Ẹ gbé àkàbà wá!" mo pariwo. "Ẹ̀yìn Ọgbà, òkè pátápátá!"

Èmi fúnra mi ni mo gùn ún, pẹ̀lú ìró mi tuntun. Eruku bò mí. Okùn ìdìpọ̀ náà ti dì mọ́ra, kò tú. Màmá Aránṣọ fa àlùmágàjí yọ nínú báàgì, wọ́n gé e féú. Ó tó igba ìwé tó wà níbẹ̀. Bàbá ọlọ́wọ́ ńlá gba díẹ̀, ọ̀gá gba díẹ̀, àwọn tí kò wá nǹkan kan tẹ́lẹ̀ ti wá rí nǹkan wá báyìí. Gbogbo wa ń ṣí ìwé wáruwàru, ẹnì kan sì ń ké agogo fún wa bí ẹni tó ń ka eré ìje: "Ó ku ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta! Ó ku ogójì!"

"Ọwọ́ mi rèé," Màmá Aránṣọ sọ ọ́ jẹ́jẹ́.

Gbogbo wa rọ́ lọ bá wọn. Ìwé ọ̀hún ni. Orúkọ wọn, ibi tí wọ́n tọwọ́ bọ̀ ọ́, òǹtẹ̀ káńsù. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Bàbá Akọ̀wé fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé: "Aránṣọ. Ilẹ̀kùn kọjú sí Ẹ̀yìn Ọgbà. Ó jìnnà sí ọ̀nà omi ní ogójì ẹsẹ̀ bàtà." Ariwo tó sọ, ẹ̀ bá rò pé wọ́n gbá bọ́ọ̀lù wọlé ni! Bàbá ọlọ́wọ́ ńlá dì mọ́ mi. N kò mọ̀ ọ́n rí, mo dì mọ́ òun náà.

Ẹ̀rọ tí a fi ń ṣe ẹ̀dà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbóná bọ̀, bẹ́ẹ̀ ni mo ń bú u. Nígbà tí ọ̀gá fi máa lu òǹtẹ̀ tán, agogo méjìlá ti ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo bọ́ bàtà mi sọ́wọ́, mo di ọwọ́ Màmá Aránṣọ mú, a sáré. Èrò tẹ̀ lé wa. Kí á tó yà sí Títì Ńlá ni a ti ń gbọ́ ohùn katapílà. Ó ti dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ti gbé irin rẹ̀ sókè. Àwọn awólé ti kó ẹ̀rọ ìránṣọ àti bẹ́ẹ̀dì Màmá Aránṣọ síta.

"Ẹ dúró!" Ẹnu mi tí ọkọ mi ń ráhùn sí, ó wúlò lọ́jọ́ yẹn. "Ẹ dúró, ìwé wà! Ó wà!"

Olórí àwọn awólé gba ìwé náà, ó kà á, ó tún un kà. "Màdámú, ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ̀wé sí wa pé kò sí? Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé òótọ́ lèyí?"

"Ilẹ̀kùn wa ṣí sílẹ̀," mo ní. "Ẹ lọ wò ó fúnra yín. Ẹ ò ní bi mí, ẹ ò ní bi ẹnikẹ́ni."

Ó wo èrò tó wà lẹ́yìn mi, ó wo òǹtẹ̀. Ó rìn lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó rí ibi tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù dí ilẹ̀kùn àtijọ́. Nígbà tó padà dé, ó gbọ́wọ́ sókè sí awakọ̀, awakọ̀ pa katapílà. Màmá Aránṣọ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì wọn láàárín títì, wọ́n sọkún, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n tún sọkún. Inú mi dùn débi pé mo fi bàtà tó wà lọ́wọ́ mi pàtẹ́wọ́.

Bó bá jẹ́ ibẹ̀ ló parí sí, ì bá dára fún mi.

Ọ̀gá ní ẹni tó bá rí fáìlì gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ìbéèrè, nítorí náà Màmá Aránṣọ bá wa padà. Wọ́n jókòó sídìí tábìlì ọkọ mi, wọ́n gba bírò. Wọn kò kọ nǹkan kan. Ṣe ni wọ́n ń ṣí ìwé náà padà sẹ́yìn, títí wọ́n fi rí orúkọ ara wọn, ẹ̀ẹ̀mẹta, pẹ̀lú ọwọ́ tèmi: A wá a, kò sí. A wá a, kò sí. A wá a, kò sí.

"Àbúrò," wọ́n ní, "òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ ẹ̀ẹ̀kẹta yìí. Mo dúró lójú fèrèsé, mo ń wò yín. Ṣé ẹ dìde?"

Yàrá kún fọ́fọ́. Bàbá ọlọ́wọ́ ńlá wà níbẹ̀, ọ̀gá wà níbẹ̀. Irọ́ wá sẹ́nu mi, ó tilẹ̀ dùn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ìwé náà ṣí sílẹ̀ níwájú wa, ẹnikẹ́ni tó bá dé lọ́la sì lè kà á. Ẹlẹ́jọ́ tó bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi, kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Mo gba bírò lọ́wọ́ wọn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ẹ̀kẹta, mo kọ ọ́: N kò dìde. Mo tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ojú tì mí.

Wọ́n kà á. Wọn kò sọ pé kò burú, nítorí ó burú. Wọ́n gba bírò wọn padà, wọ́n kọ tiwọn sísàlẹ̀ rẹ̀: Mo rí i. Wọ́n sì lọ gbé bẹ́ẹ̀dì wọn wọlé padà.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fìdí kan àga ni ọkùnrin kan nahùn láti ẹnu ilẹ̀kùn. "Ìyá Kò-sí, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ní mo lè rí ìwé ilé bàbá mi níbí. N kò mọ orúkọ àdúgbò náà dáadáa, nítorí wọ́n ti yí i padà."

Ẹsẹ̀ ń ro mí, ebi ń pa mí, eruku ṣì wà lórí mi. Mo dìde.