Omi Mímọ́ Lórí Tẹlifíṣọ̀n

Phulmati ti wẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Ó wọ sárì, aṣọ funfun gígùn tó fi ń lọ sí tẹ́ńpìlì, ó sín òdòdó kọ́ tẹlifíṣọ̀n lọ́rùn, ó finá sí tùràrí. Ọjọ́ Àìkú ni, gbogbo abúlé sì ti jókòó sí àgbàlá rẹ̀, bàtà wọn wà lẹ́nu ọ̀nà. Òní ni ọmọ ọba tí wọ́n lé lọ sígbó, òrìṣà tí wọ́n ń bọ, máa padà wálé. Látìgbà tí ìtàn àwọn baba ńlá wọn yìí ti dé orí tẹlifíṣọ̀n ni Phulmati ti ń sunkún ọmọ náà bí ẹni pé òun ló bí i.

Ìfẹ́ òrìṣà náà máa ń pọ̀ jù nígbà míì, ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Tùràrí nìkan ò tẹ́ obìnrin yìí lọ́rùn. Ó gbé ìgò omi odò mímọ́ Gáńgà tó ti ń tọ́jú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n ọn sórí tẹlifíṣọ̀n.

"Ìyá, iná wà nínú nǹkan yẹn o," Sukhdev, ọmọ rẹ̀, wí.

"Ṣé iná ló fẹ́ bá omi mímọ́ jà?"

Iná bá a jà lóòótọ́. Ó dún pàà, èéfín yọ, ojú tẹlifíṣọ̀n dúdú kirikiri.

Tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo tó kù lábúlé wà lẹ́yìn ògiri, nílé Dulari, ìyàwó àbúrò ọkọ Phulmati. Kì í ṣe fáàrí ló mú kí wọ́n rà á. Ọ̀dọ̀ Phulmati ni Dulari ti ń wòran tẹ́lẹ̀, títí di ọjọ́ tó gbàgbé, tó wọ bàtà dé iwájú òrìṣà inú tẹlifíṣọ̀n. Phulmati lé e jáde lójú gbogbo ayé, wọn ò sì kí ara wọn mọ́.

Àwọn èèyàn kó lọ sọ́hùn-ún. Phulmati nìkan ló kù, ó dùn ún wọnú eegun. Gbogbo ayé ló máa rí ọmọ náà tó bá wọlé, àfi òun. Ṣùgbọ́n ojú wo ló fẹ́ fi wo Dulari?

Ibẹ̀ ló wà tí Dulari fi wọlé láìwọ bàtà, ó fi etí sárì bojú, ó tẹrí ba, ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ Phulmati láti kí i.

"Ìyáálé mi, ẹ dìde. Wọn ò tíì tan fìtílà níwájú òrìṣà."

"Ṣé o ò lọ́wọ́ ni?"

"Mo lọ́wọ́. Ìyáálé mi wà láàyè, kí n wá máa tan fìtílà? Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n máa bú mi ni? Ẹ yára jàre, wọ́n máa tó bẹ̀rẹ̀."

Phulmati ń kùn, ó ń tẹ̀ lé e. Ó tan fìtílà, ó fi yípo níwájú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n fi í jókòó síwájú. Ìgbà tó yá, ọmọ ọba dé, gbogbo ìlú ń sáré pàdé rẹ̀. Kò dúró lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ọ̀dọ̀ ìyàwó bàbá rẹ̀, ẹni tó ní kí wọ́n lé e, ló kọ́kọ́ lọ. Ó tẹrí ba, ó kí i. Obìnrin náà ò lè gbójú sókè.

Phulmati náà ò lè wo ìran náà mọ́. Ó wẹ̀yìn. Dulari wà ní ìdúró lẹ́nu ọ̀nà, èrò ti gba gbogbo ilé mọ́ ọn lọ́wọ́.

"Dulari, wá jókòó. Mi ò ṣe dáadáa sí ẹ. Má bínú."

"Ẹ jẹ́ ká wòran, ìyáálé mi." Ṣùgbọ́n ó wá, ó fún ara rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, Phulmati sì di ọwọ́ rẹ̀ mú títí ìran fi parí.