Wọ́n Dárí Ji Àdúràolúwa

Ọdún méje gbáko ni Cecilia kò fi jẹ ara Olúwa nínú ìjọ wa ní Iléṣà, tìtorí èmi Julianah ló sì fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí àlùfáà bá ti kìlọ̀ pé kí ẹni tó ní ọmọnìkejì rẹ̀ sínú má ṣe sún mọ́ tábìlì Olúwa, tí gbogbo wa sì dìde tí a tò lọ síwájú pẹpẹ, Cecilia á jókòó sáyè rẹ̀, á gbé báàgì lé itan, á máa wo iwájú. Àwọn tí inú wọn dúdú ju ìdí ìkòkò lọ ń kúnlẹ̀, wọ́n ń lanu. Òun ò jẹ́ purọ́ fún Ọlọ́run. Mo ń bọ̀wọ̀ fún un nítorí ìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi gan-an ló ní sínú.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ò gùn láti sọ. Àdúràolúwa, ọmọ kan ṣoṣo tí èmi àti Nehemiah ọkọ mi bí, ń kàwé ní yunifásítì tó wà ní Ikeji-Arakeji. Ibẹ̀ náà ni Ìwàlẹwà, ọmọ Cecilia, wà. Akọrin ni àwọn méjèèjì nínú ìjọ wa. Ní ọjọ́ Sátidé kan, Dayọ̀, ọmọ Bánkẹ́ àbúrò mi tó ń gbé Òṣogbo, gbé mọ́tò bàbá rẹ̀ lọ kí wọn, ó ní òun á gbé wọn wá sílé nítorí ìkórè ọjọ́ kejì. Mọ́tò náà takìtì kí wọ́n tó dé Ìpetu. Ọmọ mi kú. Ìwàlẹwà kú. Apá kan ló ṣẹ́ mọ́ Dayọ̀ lára. Ó sọ fún àwọn ọlọ́pàá pé Àdúràolúwa ló gba mọ́tò lọ́wọ́ òun, pé ó ti mutí, pé òun bẹ̀ ẹ́ títí kó rọra sáré.

Òun bẹ̀ ẹ́ títí. Ọ̀rọ̀ yẹn ló tú ilé mi ká. Èmi tí mo ti ṣe tísà àgbà rí, tí mo kọ́ ìdajì àwọn ọmọ àdúgbò wa ní ABD, mo lọ kúnlẹ̀ ní pálọ̀ Cecilia, mo ní kó dárí ji ọmọ mi. Ó dìde, ó wọ yàrá lọ. Nehemiah ò ní ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu mọ́ ju pé ọmọ wa pa ọmọ ọlọ́mọ. Ó ń sọ ọ́ lórí oúnjẹ, ó ń sọ ọ́ lójú oorun. Kò pé ọdún méjì tóun náà fi kú.

Lọ́dún yìí, ní ọjọ́ Ẹtì Rere, Bánkẹ́ àti Dayọ̀ dé láti Òṣogbo láìsọ tẹ́lẹ̀. Bánkẹ́ gbé ẹja lọ́wọ́, ẹja ńláńlá tó rà ní Ọjà Ọba. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣe yẹ̀yẹ́, mo ní kí ló dé tí ahun ilé wa fi náwó báyìí, àbí Jésù ti tètè jí? Kò rẹ́rìn-ín. Dayọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì tòun ti kóòtù lọ́rùn, kò sì dìde.

Mo ní, "Dìde, ọmọ mi. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Màámi Iléṣà, èmi ni mo wa mọ́tò yẹn."

"Mọ́tò wo?" Kì í ṣe pé mi ò mọ̀. Ẹnu mi ló ń wá ibi tó máa sá sí.

"Èmi ni mo mutí, mà. Àdúrà ló ń bẹ̀ mí kí n rọra."

Àlàyé tó ṣe ni pé wọ́n fẹ́ fi òun jẹ pásítọ̀ ní ìjọ òun ní Òṣogbo, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni, olórí ìjọ wọn sì ti ní kí ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá fẹ́ yàn kọ́kọ́ lọ gba ìdáríjì lọ́wọ́ àwọn tó ṣẹ̀. Mo wo Bánkẹ́. Ọ̀rọ̀ náà kò yà á lẹ́nu rárá.

"Bánkẹ́, ìwọ mọ̀?"

Ó tẹ orí ba. "Láti ọ̀sẹ̀ kejì tí wọ́n kú ni, ẹ̀gbọ́n mi."

Ọ̀sẹ̀ kejì! Bánkẹ́ yìí ló dì mí mú níbi ìsìnkú Nehemiah, tó ń fi ìborùn ara rẹ̀ nu ojú mi. Gbólóhùn kan péré ni ì bá sọ, ọkọ mi ì bá fi ọkàn balẹ̀ kú. Mo yí ojú kúrò lára rẹ̀.

Mo ní, "Dayọ̀, dìde ká lọ sọ́dọ̀ Cecilia. Ilé rẹ̀ ò ju ojúlé mẹ́fà síbí. Bó o ṣe sọ ọ́ fún mi, sọ ọ́ fún un bẹ́ẹ̀. Tó o bá ti sọ ọ́ tán, mo fi Ọlọ́run búra, màá dárí jì ẹ́."

Ó wo ìyá rẹ̀. "Màámi Iléṣà, ọlọ́pàá ni ẹ̀gbọ́n Ìwàlẹwà ọkùnrin. Ìyàwó mi sì lóyún. Ẹ̀yin ni mo wá bẹ̀."

"Èmi nìkan kọ́ lo ṣẹ̀."

"Ọlọ́run ti dárí jì mí, mà."

Ẹ gbọ́ o. Ọlọ́run ti dárí jì í kó tó kan ilẹ̀kùn mi, òǹtẹ̀ lásán ló wá gbà lọ́wọ́ mi. Mo ní bí kò bá lè lọ, èmi á lọ. Nígbà náà ni Bánkẹ́ kúnlẹ̀, ó di ẹsẹ̀ mi mú, ó ń fi ohùn tútù sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò fẹ́ bá yín jà. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá lọ, a máa ní irọ́ ni. A máa ní ìbànújẹ́ ló dà yín lórí rú. Ta ló fẹ́ gbà yín gbọ́ lẹ́yìn ọdún méje? Àdúrà ti lọ ní tiẹ̀, orúkọ ò wúlò fún òkú mọ́. Ẹ jẹ́ kí èyí tó kù jẹun."

Mo lé wọn jáde tẹja tẹja.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ á lé e bá. Ó lé e bá lóòótọ́, nínú pálọ̀ mi, kò sì sí ẹlẹ́rìí kankan níbẹ̀ àfi èmi. Mi ò sùn dáadáa. Mo gbìyànjú láti gba àdúrà tí Jésù kọ́ wa, nígbà tí mo dé ibi ìdáríjì, ahọ́n mi dúró. Èmi tí mo ti ń bẹ Ọlọ́run fún ọdún méje pé kó rọ Cecilia lọ́kàn, mo wá mọ bí ẹrù tó wà lórí rẹ̀ ṣe wúwo tó. Síbẹ̀ mo pinnu. Bí ìsìn Àjíǹde bá ti parí, màá fà á sí ẹ̀gbẹ́ kan, màá sọ ọ́. Kí wọ́n mú Dayọ̀ kọ́ ni mò ń wá. Ohun tí mo fẹ́ ni kí obìnrin yẹn gbọ́ pé ọmọ mi bẹ̀bẹ̀ nítorí ẹ̀mí ọmọ tirẹ̀. Kó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan péré, bí kò bá tilẹ̀ gbà á gbọ́.

Ní ọjọ́ Àjíǹde, nígbà tí a tò lọ síwájú pẹpẹ, ariwo kékeré kan gba inú ṣọ́ọ̀ṣì kọjá. Mo bojú wẹ̀yìn. Cecilia ló dìde. Ó rìn wá díẹ̀díẹ̀, ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, èjìká wa kan ara wọn. Ó jẹ, ó mu.

Lẹ́yìn ìsìn, èmi kọ́ ni mo wá a, òun ló wá mi. Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ló ti bá mi, àwọn ìyá ìjọ ti pé lé wa lórí, àwọn kan ti ń sunkún ayọ̀. Ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú. Ojú rẹ̀ mọ́ bí àgbàlá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá.

"Ìyá Àdúrà, ẹ má bínú, mo pẹ́. Gbogbo Lẹ́ńtì ni mo fi gbààwẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Lánàá, mo ṣí àpótí Ìwàlẹwà, mo kó àwọn aṣọ rẹ̀ fún àwọn aláìní. Mo sì sùn. Ẹ gbọ́ mi, mo sùn mọ́jú, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún méje. Mo ti dárí ji ọmọ yín."

Mo ní, "Ìyá Ìwà, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́..."

"Ẹ má sọ ọ́." Ó fún ọwọ́ mi mọ́ra. "Ohun yòówù kó jẹ́, mi ò fẹ́ gbọ́ ọ. Bí mo bá tún padà sínú ọ̀rọ̀ yẹn, mi ò ní lè jáde mọ́."

Ó pajú dé, ó gbóhùn sókè kí gbogbo ayé lè gbọ́. "Bàbá, Àdúràolúwa ọmọ Julianah rèé. Ó mutí, ó sáré, ó pa ọmọ mi. Dárí jì í. Má kà á sí i lọ́rùn."

Gbogbo àwọn ìyá dáhùn, wọ́n ní àmín. Cecilia ò lajú. Kò tú ọwọ́ mi sílẹ̀. Tèmi ló ń retí.

Mo wò ó. Oorun ọjọ́ kan péré ni Ọlọ́run fún obìnrin yìí láti ọdún méje. Bí mo bá la ẹnu, màá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mi ò sì ní ẹ̀rí kankan tí mo fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀, nítorí àwọn tó ni ẹ̀rí ti ní òpùrọ́ làwọn máa pè mí. Àwọn ìyá ìjọ ti ń wo ẹnu mi.

Mo ní àmín.

Ó gbá mi mọ́ra, ẹnìkan dá orin, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jó yí wa ká. Mo jó pẹ̀lú wọn. Nehemiah kú láìmọ̀ pé ọmọ òun ò pa ẹnikẹ́ni. Èmi mọ̀, ẹnu tèmi ni mo sì fi ka ẹ̀ṣẹ̀ náà sí ọmọ wa lọ́rùn.